Fèrè Ìjọba Nínú Ọkọ̀ Búrẹ́dì

Àwọn ọlọ́pàá nìkan ló mọ orúkọ tí ìyá Fẹlifẹli sọ ọ́, torí àwọn ni wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n mú un. Lẹ́nu àwa yòókù, Fẹlifẹli ni. Ọkọ̀ búrẹ́dì ló ń wà fún békìrì kan láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣì dúdú. Bó bá ti gúnlẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù, kò ní tẹ họ́ọ̀nù, ohùn ara rẹ̀ ló máa fi kéde: "Gbígbóná fẹlifẹli!" Àwọn ọmọ á sáré jáde, àwọn ìyá wọn á tẹ̀ lé wọn, ẹni tí kò tiẹ̀ ní búrẹ́dì lọ́kàn á rà á. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ọkùnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Ibi tó yẹ kéèyàn ti gbé ife sílẹ̀ ni kò mọ̀.

Kì í ṣe pé ó jẹ́ ọ̀mùtí tó ń sùn sínú gọ́tà o. Mi ò ní ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Ìgò kan lẹ́yìn iṣẹ́, bóyá méjì, tí ọ̀rẹ́ bá wà níbẹ̀, ó lè di bó ṣe dì. Ohun tó burú níbẹ̀ ni irọ́. Bó bá délé, tí ìyàwó rẹ̀ bá bi í pé, "Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ ò ti yà síbẹ̀ yẹn?" á ní, "Ibo? Èmi? Békìrì ni mo ti ń bọ̀ yìí." Á sì ti ju mínti sẹ́nu. Ìyá Ìbejì, tó ń rán aṣọ àwọn ọmọ iléèwé ní pálọ̀ wọn, á wo ojú rẹ̀, á gbọ́ bí mínti ṣe ń ró léyín rẹ̀, á sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Obìnrin náà ò fi ọtí kan ètè rí láyé rẹ̀, ó sì nídìí. Ọ̀mùtí kan ló fi ọkọ̀ gbá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lẹ́bàá ọ̀nà, ọ̀pá ni ẹ̀gbọ́n náà fi ń rìn títí dòní.

Ọjọ́ tí ọwọ́ tẹ Fẹlifẹli, bàbá arúgbó tó ń po ìyẹ̀fun ní békìrì ló fẹ̀yìn tì. Wọ́n to àga sẹ́yìn békìrì, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń ṣí ìgò. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, Fẹlifẹli ní òun máa gbé ọkọ̀ lọ sílé. Àwọn kan ní kó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Èmi tí mo lè di ojú wa ọkọ̀ yìí?" Ó mà kúkú di ojú wà á lóòótọ́! Ní kọ́nà ilé epo, ọkọ̀ fi ọ̀nà sílẹ̀, ó lọ kọ lu òpó iná, òpó náà sì tẹ̀ kọdọrọ. Ọlọ́run ló kó o yọ, kò sí ẹni tó dúró níbẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá ní kó fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó mutí, ẹ̀rọ náà ò sì bá a bo àṣírí.

Ìyá Ìbejì ò pariwo. Ohun kan ṣoṣo ló ń bi í, ní àárọ̀, ní alẹ́, tó bá ń gbé oúnjẹ kalẹ̀, tó bá ń ká aṣọ: "Tí ẹnì kan bá dúró sábẹ́ òpó yẹn ńkọ́?" Fẹlifẹli ní òun ò ní mu ọtí mọ́ láyé òun.

"Mo ti gbọ́," ni obìnrin náà wí. "Tẹ́lẹ̀ náà, ẹ kì í kúkú mu ún."

Kí ẹjọ́ tó dé iwájú adájọ́, àwọn aṣòfin bá yí òfin padà. Lọ́yà tí kóòtù yàn fún Fẹlifẹli ló là á yé tọkọtaya náà, nínú ọ́fíìsì kótópó kan tí fáànù rẹ̀ ń hu bí ẹni tí ikọ́ ń ṣe. Ọmọbìnrin ni lọ́yà náà, kò lè ju àwọn ìbejì wọn lọ, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé.

"Bàbá, Màmá, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Òfin àtijọ́ ní kí wọ́n gba ìwé ìwakọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá mutí wakọ̀, kó lọ jókòó sílé fún ọdún mẹ́ta, kó sì san owó ìtanràn. Ó parí síbẹ̀. Òfin tuntun le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì tún rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Báwo ni nǹkan ṣe ń le, tó tún ń rọ̀?" Fẹlifẹli bi í. "Ṣé búrẹ́dì ni?"

"Òfin ni, Bàbá. Ó rọ̀ torí pé tó bá jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀, tẹ́ ò ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, tẹ́ ẹ sì gbà pé ẹ jẹ̀bi, wọn ò ní gba ìwé ìwakọ̀ yín. Wọ́n máa de ẹ̀rọ kan mọ́ ọkọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń wà, á wà níbẹ̀ fún ọdún kan. Ọkọ̀ ò ní ṣíná àfi tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ náà, tí kò sì rí ọtí níbẹ̀. Ó le torí pé ohunkóhun tí ẹ̀rọ bá rí ló ń fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba lójú ẹsẹ̀. Tó bá rí ọtí, wọ́n máa pè yín. Tẹ́ ò bá sì rí àlàyé tó múná dóko ṣe, ìwé ìwakọ̀ lọ nìyẹn fún ọdún márùn-ún, ẹ̀wọ̀n sì lè tẹ̀ lé e."

"Èwo wá ni tèmi nínú méjèèjì?"

"Ẹ̀yin lẹ máa yàn. Wọ́n mú yín kí òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀, ẹjọ́ yín ò sì tíì parí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá bọ́ sí àárín báyìí, òfin ní kó fi ẹnu ara rẹ̀ mú ọ̀kan."

Ẹ ò rí nǹkan! Ká bi ẹni tó ṣẹ̀ pé pàṣán wo ló wù ú. Bí wọ́n ṣe ń lọ sílé ni ìjà bẹ̀rẹ̀. Ìyá Ìbejì ní kó mú ti àtijọ́. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ìwé yẹn, kí ọkàn mi balẹ̀. Ẹ lè máa bá wọn po ìyẹ̀fun. Ọdún mẹ́ta ò pẹ́ lọ títí."

"Ìyá Ìbejì, ọmọ ọdún mélòó ni mí? Ta ló máa gbé ọkọ̀ fún mi tí mo bá ti jókòó ọdún mẹ́ta? Tí mo bá sọ̀ kalẹ̀ lónìí, mo sọ̀ kalẹ̀ pátápátá nìyẹn. Iṣẹ́ yìí nìkan ni mo mọ̀, òun sì ni mo fẹ́ràn."

Wọ́n délé. Obìnrin náà jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, kò rán nǹkan kan. Ó wá ní, "Ẹ mú ti tuntun. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ gbọ́ o. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ yẹn bá sọ pé ẹ mutí, ẹ má wá ṣàlàyé kankan fún mi. Mo ti gbọ́ àlàyé yó. Ohun tí ẹ̀rọ bá sọ ni màá gbà gbọ́."

"Mo gbà," ni Fẹlifẹli wí, ó sì ti inú rẹ̀ wá.

Báyìí ni adájọ́ ṣe fi ọwọ́ sí i, tí wọ́n sì wá de ẹ̀rọ náà mọ́ iwájú ọkọ̀ búrẹ́dì. Dúdú ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó ní rọ́bà kékeré lẹ́nu tí wọ́n ń fẹ́ èémí sí. Tó bá rí i pé ẹnu mọ́, á tan iná aláwọ̀ ewé, ọkọ̀ á sì ṣíná. Tí kò bá mọ́, á tan iná pupa, á sì máa han gooro bí ìkókó tí wọ́n já lọ́mú. Ẹni tó wá dè é kìlọ̀ fún Fẹlifẹli pé, "Bàbá, ẹ̀yin nìkan lẹ lè máa fẹ́ ẹ o. Tó bá sì kọ̀ fún yín, ẹ fi omi fọ ẹnu, ẹ dúró díẹ̀, kẹ́ ẹ tún un fẹ́." Fẹlifẹli ń mi orí, ó ń sọ pé ó yé òun. Orí lásán ló ń mì, jẹ́ kí n sọ fún yín. Ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn tó dúró yí ọkọ̀ ká tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Àwọn ará békìrì sọ ẹ̀rọ náà ní fèrè ìjọba. "Fẹlifẹli, ṣé ẹ ti fun fèrè láàárọ̀ yìí?" "Ẹ fun ún sókè, ká jó sí i!" Màmá Békìrì, tó ni ilé iṣẹ́ náà, obìnrin olóhùn gooro tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba ìyẹ̀fun pàápàá, dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó fọwọ́ lé ìbàdí. "Ẹ fi í sílẹ̀! Ẹni tó ń fun fèrè, ó sàn ju ẹni tó ń tẹ òpó iná lọ." Ó wá kọjú sí Fẹlifẹli. "Ìwọ náà, kó o mọ̀ pé ohùn rẹ ni mo ṣe gbà ọ́ padà. Búrẹ́dì mi ò tà lẹ́nu ẹlòmíràn. Tí ìjọba bá gba ìwé lọ́wọ́ rẹ, kí ni mo fẹ́ fi ohùn nìkan ṣe?"

Kò mutí. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ dáadáa, torí ọ̀rọ̀ tó wà níwájú: ọkùnrin yìí ò fẹnu kan ọtí mọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ ìgò pè é títí, ó sú wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ gbogbo, ó ń fẹ́ èémí, iná ewé ń tàn, ọkọ̀ ń ṣíná. Ara rẹ̀ yá, oorun rẹ̀ dùn, ó ń bá àwọn ìbejì sọ̀rọ̀ lórí fóònù láìjẹ́ pé ó ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ. Ìyá Ìbejì ò yìn ín. Àmọ́ tẹ́lẹ̀, tó bá fẹ́ fọ ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀, á kọ́kọ́ gbé e sí imú. Nígbà tó yá, ó ń jù ú sínú omi tààrà. Fẹlifẹli rí i, inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fún un ní ṣẹ́ẹ̀tì mìíràn kó fọ̀.

Ìgbà náà ni Màmá Békìrì lọ kọ́ búrẹ́dì tuntun kan wá. Ìyẹ̀fun èyí, wọ́n á pò ó mọ́ ìwúkàrà tó pọ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, á wú, á kan díẹ̀, kí wọ́n tó gbé e sínú ààrò. Tó bá jáde, adùn rẹ̀ ò láfiwé. Màmá Békìrì ní kí Fẹlifẹli kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kó lè mọ ohun tó máa sọ fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù. Ẹnu tí wọ́n gba ọtí lọ́wọ́ rẹ̀ kúkú ti ń wá iṣẹ́ ṣe. Ó jẹ ẹyọ kan, ó bu òmíràn. Àárín rẹ̀ ò tíì gbẹ tán, ó ń fà bí gọ́ọ̀mù, ó dùn mọ́ ọn gan-an. Ó ń jẹ ẹ́ lọ sídìí ọkọ̀, ẹnu rẹ̀ kún bámú, ó wọlé, ó gbé e mì, ó fẹ́ èémí.

Iná pupa! Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í han.

Fẹlifẹli wo ẹ̀rọ náà bí ẹni tí ọmọ inú ilé rẹ̀ pè lólè. Òun ha? Òun tó ti sùn láti ìrọ̀lẹ́ àná? Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ká ní ó ríran ni, á fọ ẹnu, á dúró díẹ̀, á tún un fẹ́, bí ẹni tó de ẹ̀rọ ṣe wí. Rárá. Ìbẹ̀rù ò jẹ́. Ó rò pé bí òun bá tún un fẹ́, á tún pupa, ọ̀rọ̀ á sì di méjì. Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó bọ́ sílẹ̀, ó sọ fún Màmá Békìrì pé ẹ́ńjìnnì ń ṣòjòjò. Wọ́n lọ tọrọ ọkọ̀ ẹlòmíràn kí búrẹ́dì tó tutù. Ó rìn lọ sílé, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé inú ń run òun. Ọkùnrin tó ti jáwọ́ nínú irọ́ tún ti pa méjì kí oòrùn tó mú.

Lọ́jọ́ kejì, kò lè jẹun nítorí ìpayà. Ó fẹ́ èémí, iná ewé tàn, ọkọ̀ ṣíná. Èyí wá dà á lórí rú jù. Ó bi àwọn tó ń po ìyẹ̀fun bóyá ẹnì kan da nǹkan sínú omi mímu, wọ́n sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ń bi ara rẹ̀ bóyá èèyàn lè mutí lójú oorun kó má mọ̀.

Ọ́fíìsì ìjọba ò fi yẹ̀yẹ́ ṣe tiwọn. Ìyá Ìbejì ni onídùúró tí kóòtù gbà fún un, òun ni wọ́n pè lórí fóònù. Wọ́n ní ẹ̀rọ rí ọtí lẹ́nu ọkọ rẹ̀, kí wọ́n máa bọ̀ ní ọjọ́bọ̀. Nígbà tí Fẹlifẹli dé, aṣọ tó ń rán wà nílẹ̀, obìnrin náà sì dúró sí àárín pálọ̀.

"Kí ni ẹ̀rọ yẹn rí lẹ́nu yín?"

"Ìyá Ìbejì, mo fi Ọlọ́run búra..."

"Ẹ má búra."

"Mi ò mutí."

"Ẹ ní inú ń run yín lọ́jọ́ yẹn."

"Irọ́ ni mo pa."

"Ẹ sọ fún Màmá Békìrì pé ẹ́ńjìnnì ò dáa."

"Ìyẹn náà, irọ́ ni."

"Ẹ wá fẹ́ kí n mú ẹ̀kẹta ní òótọ́?"

Fẹlifẹli jáde lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, ó di orí mú. Ohun tó ń dùn ún kì í ṣe ẹ̀wọ̀n, kì í tiẹ̀ ṣe ìwé ìwakọ̀. Òótọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́ wá, kò sì sí ẹni tó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa ohun tí ojú òtítọ́ máa ń rí tó bá débẹ̀ tán, tó bá irọ́ tó jókòó sórí gbogbo àga.

Ó sọ fún un lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n tó sùn, jẹ́ẹ́jẹ́, láìbúra: "Mi ò mu ún." Ìyá Ìbejì kọ ẹ̀yìn sí i.

Láàárọ̀, kí ọkọ tó jáde, ìyàwó ti wé gèlè. "Mò ń bá yín lọ. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí ẹ̀rọ tó ń pa irọ́ mọ́ àgbàlagbà."

Àfi bí ìgbà tí wọ́n rí ọlọ́pàá ní békìrì. Màmá Békìrì nìkan ló mọ bí a ṣe ń gba àlejò tó ń bínú. "Ìyàwó wa, ẹ káàárọ̀! Ìbínú ò dáa ní ikùn òfìfo. Ẹ gba èyí, ẹ fi panu." Ó bu búrẹ́dì tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ààrò jáde fún un. Ìyá Ìbejì ò tíì jẹun láti àná. Ó jẹ ẹ́, ó sì tún gba òmíràn. Fẹlifẹli ò lè gbé nǹkan kan sẹ́nu, ó dúró bí ọmọ iléèwé tí tíṣà fẹ́ nà.

"Ó yá," ni obìnrin náà wí, ó ń jẹ ẹ́ lọ. "Ẹ ṣí ọkọ̀ yìí. Èmi ni màá kọ́kọ́ fẹ́ ẹ."

"Wọ́n ní èmi nìkan..."

"Ẹ ṣí i! Mo fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣe fún ẹni tí kò mọ bí ọtí ṣe rí. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin náà á wá fẹ́ ẹ níṣojú mi."

Ó gòkè, ó jókòó síbi tí awakọ̀ ń jókòó sí, ó ki rọ́bà bọ ẹnu, ó fẹ́ ẹ gidi.

Iná pupa. Ariwo.

Màmá Békìrì ló kọ́kọ́ ké. "Yéè! Ìyàwó wa, ẹ̀yin náà ti ń mu ún ni?" Ni gbogbo békìrì bá bú sẹ́rìn-ín, ẹni tó ń ru ìyẹ̀fun sọ ọ́ sílẹ̀, ó di ikùn mú. Ìyá Ìbejì ò rẹ́rìn-ín. Ó wo ẹ̀rọ, ó wo ọkọ rẹ̀, ó wá wo ìyókù búrẹ́dì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó títí. Aránṣọ ni, kì í gé aṣọ láìwọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí wọ́n fún òun lómi. Ó fọ ẹnu dáadáa, ó jókòó jẹ́ẹ́, ó dúró díẹ̀, ó tún un fẹ́. Iná ewé. Ó bu búrẹ́dì jẹ, ó tún un fẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Iná pupa.

"Búrẹ́dì ni," ó wí, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. "Bàbá Ìbejì, búrẹ́dì ni!"

Fẹlifẹli ì bá jó, ṣùgbọ́n ó ti rántí nǹkan mìíràn. "Ìyá Ìbejì, gbogbo ohun tí ẹ̀rọ yẹn bá rí ló ń fi ránṣẹ́ o. Kò mọ̀ pé ìwọ ni. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu gbogbo wọn. Pupa kan ló ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ti wá di mẹ́ta báyìí, ọ̀la sì ni ọjọ́bọ̀.

Ọ̀gá tó pè wọ́n ní ọ́fíìsì ìjọba jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sókè orí. Kò jẹ́ kí Fẹlifẹli sọ ọ̀rọ̀ náà tán. "Búrẹ́dì! Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, oògùn ikọ́ ni. Ṣáájú ìyẹn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù ni. Bàbá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ̀rọ yín ké. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe ẹlẹ́yà níwájú adájọ́ ni?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì nínú rẹ̀, èmi ni," ni Ìyá Ìbejì wí.

Ọ̀gá náà yíjú sí i. "Ẹ mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni, kí ẹlòmíràn fẹ́ ẹ̀rọ ẹni tó ń jẹ́jọ́?"

"Mi ò mọ̀ dáadáa. Òun sọ fún mi, mi ò gbọ́. Ìbínú ni mo fi gòkè. Tí ìyà bá wà níbẹ̀, èmi ni kí wọ́n fi jẹ. Mi ò mutí rí láyé mi, ọ̀gá, ẹ̀rọ yín sì ní mo mutí."

Bóyá ojú obìnrin náà ni ọ̀gá náà wò, bóyá ohùn rẹ̀ ló gbọ́, ó ránṣẹ́ pe ẹni tó mọ tinú tòde ẹ̀rọ náà. Onítọ̀hún dé, ó tẹ kọ̀ǹpútà, ó sún mọ́ ọn, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ọ̀gá, òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ọtí tó bá ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ kì í kúrò wàràwàrà. Ẹ wo èyí: ó pupa, kò pẹ́ ó di ewé, kò pẹ́ ó tún pupa. Ẹnu lèyí ti wá, kò débi ara. Ìwúkàrà tó pọ̀ nínú búrẹ́dì gbígbóná lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tá a fi ní kí wọ́n máa fọ ẹnu, kí wọ́n tún un fẹ́. Tí Màmá bá fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan péré ni, mi ò ní lè sọ ìyàtọ̀."

Ẹ gbọ́ nǹkan. Ohun tí wọ́n rò pé ó ti sin ọkùnrin náà ló wá hú u jáde. Fẹlifẹli mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá náà ò tíì ṣe tán.

"Ti Màmá ti yé mi. Ó ku ti Bàbá. Àárọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ pupa, ẹ̀ẹ̀kan ló fẹ́ ẹ. Kò fọ ẹnu, kò tún un fẹ́, ó sá lọ. Iná pupa ẹyọ kan ti ẹni tó jẹ búrẹ́dì àti ti ẹni tó mutí, bákan náà ló rí. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi sá, Bàbá?"

"Ẹ̀rù bà mí, sà."

"Ẹni tí kò ṣe nǹkan kan ń bẹ̀rù?"

Fẹlifẹli wo ilẹ̀. "Ọ̀gá, ó pẹ́ tí mo ti ń parọ́ nípa ọtí. Ìgbà tí mi ò wá mu ún, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kí èèyàn gbà."

Ọ̀gá náà ní òfin tuntun fún òun láyè kan ṣoṣo. Tí onídùúró ẹni náà bá lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò mutí lọ́jọ́ yẹn, òun lè parí ọ̀rọ̀ náà síbí. Tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó di iwájú adájọ́, ìwé ìwakọ̀ á sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí. "Ẹ rò ó dáadáa, Màmá. Tó bá jẹ́ irọ́, ẹ̀yin náà máa jìyà rẹ̀. Ṣé ẹ wà ní békìrì láàárọ̀ ọjọ́ yẹn?"

"Rárá."

"Ṣé ẹ rí i kó tó jáde nílé?"

"Rárá. Mo ṣì ń sùn."

"Ṣé ẹ gbóòórùn ẹnu rẹ̀ nígbà tó dé?"

"Mi ò gbóòórùn rẹ̀. Inú ló ní ó ń run òun."

"Báwo lẹ ṣe wá mọ̀ pé kò mutí?"

Fẹlifẹli ò lè wo ìyàwó rẹ̀. Ó mọ obìnrin náà. Kì í purọ́, kò sì ní tìtorí òun bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ó ti ń fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́kàn rẹ̀, ó ti ń rí ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé tí búrẹ́dì ń kọjá lọ níwájú rẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn.

"Òun ló sọ fún mi," ni Ìyá Ìbejì wí.

Ọ̀gá náà dúró kó sọ ìyókù. Kò sí ìyókù. Ó fa gíláàsì wálẹ̀ sójú, ó wo obìnrin náà dáadáa, ó wá mú bírò. Ó ní ìwé ìwakọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ Bàbá, pé oṣù mẹ́ta máa kún ọdún kan tí ẹ̀rọ máa wà lára ọkọ̀ nítorí pé ó sá, pé kí Màmá má tún dé ìdí ẹ̀rọ náà mọ́ láyé. Ó tún sọ àwọn nǹkan mìíràn nípa omi àti ẹnu fífọ̀. Fẹlifẹli ò gbọ́ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Ó ti di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ó ń sunkún bí ọmọ kékeré níwájú gbogbo wọn, ojú ò sì tì í rárá.